Apoògùn Wa Tí Òkè Òkun Ń Pè

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé tọ̀ yín wá lónìí kan ilé gbogbo tí ọmọdé wà, ó sì kan ilé gbogbo tí àgbàlagbà wà. Bí ẹ bá ti rí ibi jókòó sí, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Nǹkan méjì ni ó ṣẹlẹ̀ lójú mi nínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ Ajé, ìyá kan tí mo mọ̀ dáadáa ní Òkókómáìkò gbé ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà yẹ ọmọ náà wò, ó sì kọ oògùn sínú ìwé fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá yìí dé ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn, èrò tí ó bá níbẹ̀ pọ̀ bí èrò ọjà Àlàbá, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì ń dá gbogbo wọn lóhùn. Ó dúró títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí ó rí i pé ara ọmọ ń gbóná sí i, ó gbé e pọ̀n, ó mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì lọ ra oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí títì. Ọmọdékùnrin tí ó ń tajà níbẹ̀ wo ìwé náà lọ, ó wò ó bọ̀, oògùn àgbàlagbà ni ó sì gbé fún un. Ọlọ́run ni ó yọ ọmọ náà: nọ́ọ̀sì kan tí ó ń gbé nínú ilé wọn rí páálí oògùn yẹn kí wọ́n tó fún un lò.

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn mi ní Ìbà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Mo wá dágbére ni." Mo kọ́ ọmọ yìí ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀jọ́, kí n tó lọ máa kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Ó ti di apoògùn báyìí. Ó ní Ìlú Ọba ni òun ń lọ, ibẹ̀ ni òun yóò ti máa ṣiṣẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo súre fún un, inú mi sì dùn, nítorí kò sí olùkọ́ tí kì í yọ̀ nígbà tí ọmọ tí ó kọ́ bá yege. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó lọ tán, mo rántí fèrèsé ọjọ́ Ajé. Irú ọmọ yìí gan-an ni ó yẹ kí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, nǹkan méjèèjì yìí, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó ti oògùn, "kẹ́míìsì" ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ láti máa ta oògùn wẹ́wẹ́ bí i ti orí fífọ́ wà lọ́tọ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ní ààlà. Apoògùn ní tirẹ̀ ti lo ọdún 5 tàbí ọdún 6 ní yunifásítì. Ó ti fi ọdún 1 ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà apoògùn. Ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àbójútó àwọn apoògùn ní Nàìjíríà, èyí tí òfin tuntun ọdún 2022 ń darí báyìí. Ó sì tún fi ọdún 1 sin ilẹ̀ baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 7 tàbí 8 nìyẹn, kí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì tó fi tirẹ̀ kún un.

Kí wá ni iṣẹ́ rẹ̀? Kì í ṣe kíka hóró oògùn sínú ọ̀rá nìkan. Òun ni ojú ìkẹyìn tí ó ń wo oògùn kí ó tó dé ẹnu aláìsàn. Dókítà tí ó ti rí ọgọ́rin aláìsàn láti òwúrọ̀ lè ṣì kálámù mú, apoògùn ni yóò dá ìwé náà padà pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún èyí wò." Ọmọdé kì í ṣe àgbàlagbà kékeré, bí ara rẹ̀ ti wúwo tó ni a fi ń mọ ìwọ̀n oògùn tí yóò lò. Flagyl tí gbogbo wa mọ̀, bí ẹni tí ó ń lo warfarin, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bá gbé e mì láìbéèrè, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú ara rẹ̀ kí ó má tètè dúró. Ẹni tí ó fi mílíìkì lo tetracycline ti fi owó ṣòfò, nítorí mílíìkì yóò di oògùn náà mú nínú ikùn, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ní í wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn ibà tí wọ́n fi artemether àti lumefantrine ṣe, oúnjẹ tí ó ní ọ̀rá díẹ̀ ni ó ń fẹ́ kí ó tó ṣiṣẹ́ dáadáa; bí a bá lò ó lórí ikùn òfìfo, agbára rẹ̀ yóò dín kù. Ta ni yóò sọ gbogbo èyí fún wa bí kò bá sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn fèrèsé?

Ẹ kò lè ti gbàgbé Dókítà Dora Akunyili, ẹni tí ó jẹ́ olórí NAFDAC láti ọdún 2001 títí di ọdún 2008. Apoògùn ni obìnrin náà. Ní ọdún 1988, àbúrò rẹ̀ obìnrin kú lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní ínsúlíìnì tí kì í ṣe ojúlówó. Nígbà tí agbára dé ọwọ́ rẹ̀, ó gbógun ti àwọn oníjìbìtì oògùn títí wọ́n fi yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2003, Ọlọ́run sì kó o yọ. Ó ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù rí fún ìmọ̀ gíga, ó sì padà wá sílé. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sọ́kàn, a ó tún dé orí rẹ̀.

Nísinsìnyí, kí ló dé tí òkè òkun fi ń pe àwọn ọmọ wa? Ṣé wọn kò ní ọmọ tiwọn ni? Wọ́n ní. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà pọ̀ níbẹ̀, oògùn tí àgbàlagbà kan ń lò lóòjọ́ sì lè tó márùn-ún tàbí mẹ́wàá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2019 ni ìjọba ti ń sanwó kí àwọn apoògùn lè máa bá dókítà àdúgbò ṣiṣẹ́, kí wọ́n máa yẹ oògùn àwọn arúgbó wò. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n bí apoògùn ti ń kó lọ sọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, àyè ń ṣí sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá àti ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Nígbà tí ó di ọdún 2021, ìjọba Ìlú Ọba kọ iṣẹ́ apoògùn mọ́ àwọn iṣẹ́ tí ènìyàn kò tó, èyí tí ó mú kí ọ̀nà rọrùn díẹ̀ fún àjèjì tí ó mọ iṣẹ́ náà.

Ẹ má rò pé wọ́n kàn ń gbé àwo oògùn lé àjèjì lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ní ilẹ̀ wa yóò tún lo bí ọdún 1 ní yunifásítì wọn. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọ̀sẹ̀ 52 ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó, yóò sì wá ṣe ìdánwò àṣekágbá kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Owó ńlá ni èyí ń ná ọmọ náà àti àwọn òbí rẹ̀. Mo mọ ìdílé tí ó ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Kánádà àti Amẹ́ríkà ní ìdánwò tiwọn pẹ̀lú.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, "Olùkọ́, ṣé kò sí òfin sí i ni?" Òfin wà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ bí ó ti rí. Ní ọdún 2010, gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ẹnu kò lórí ìlànà kan, pé kí olówó má ṣe máa fa òṣìṣẹ́ ìlera jáde ní ilẹ̀ tí wọn kò tó. Ní ọdún 2023, Àjọ náà kọ orúkọ orílẹ̀-èdè 55 tí ọ̀rọ̀ wọn le jù jáde, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ìlú Ọba gba èyí wọlé sínú ìlànà tirẹ̀: ilé ìwòsàn wọn kò gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni wá sí ilẹ̀ wa láti wá kó òṣìṣẹ́, àfi bí ìjọba méjèèjì bá jọ ṣe àdéhùn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wa bá fúnra rẹ̀ rí ìpolówó iṣẹ́, tí ó fúnra rẹ̀ kọ̀wé, tí ó sì fúnra rẹ̀ san owó ọkọ̀, wọn kò ní í lé e. Ẹni tí kò jáde wá pe àlejò, tí ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, tí òórùn ọbẹ̀ rẹ̀ ń jáde, kò kúkú pe ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àlejò yóò dé.

Ohun tí mo fẹ́ kí a rí níbẹ̀ nìyí. Ẹni tí ó bu iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ọmọnìkejì rẹ̀ láti fi dí ihò tí ó wà nínú ilé tirẹ̀, kò tíì dí ihò kankan. Ó kàn gbé ihò láti ibì kan lọ sí ibòmíràn ni. Ihò tí wọ́n dí ní ilé ìwòsàn kan ní Ìlú Ọba, òun ni ìyá Òkókómáìkò bá pàdé lójú fèrèsé ní ọjọ́ Ajé.

Ṣé kí a wá bú ọmọ tí ó ń lọ? Rárá o. Mo bá ọmọ mi yẹn sọ̀rọ̀ kí ó tó lọ. Ó ní nígbà tí òun gba oyè tán, ó pẹ́ kí òun tó rí ilé ìwòsàn tí yóò gbà òun fún ọdún 1 ìkọ́ṣẹ́ yẹn, nítorí àyè kò tó fún gbogbo wọn. Nígbà tí òun ríṣẹ́, láti Ọ̀jọ́ ni òun ń lọ láàárọ̀ kùtù lórí títì Àgbádárìgì, tí òun ń padà lóru. Owó tí òun ń gbà, owó ọkọ̀ ati owó ilé ti gbé e tán kí oṣù tó dé ìdajì. Ẹnì kan ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta, nítorí àwọn méjì yòókù ti lọ. Ẹ wò ó bí ọ̀ràn náà ti ń bí ara rẹ̀: bí ẹnì kan bá ti lọ, ẹrù rẹ̀ yóò bọ́ sí orí ẹni tí ó kù, ẹrù yẹn ni yóò sì lé òun náà lọ.

Ẹ sì jẹ́ kí a sọ òtítọ́: àwa náà ti jẹ́ ẹni tí ń pe àlejò rí. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé ní àwọn ọdún 1970, ilẹ̀ wa pe dókítà láti Íńdíà àti àwọn ilẹ̀ Éṣíà mìíràn, a sì pe olùkọ́ láti Gánà. Àwọn ará Gánà kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì kọ́ wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ Gánà nígbà náà? A kò béèrè. Nígbà tí owó tán, ní ọdún 1983, ìjọba wa ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ, wọ́n sì di ẹrù wọn sínú báàgì aláràbarà tí a ń pè ní Ghana-Must-Go títí di òní. Ẹ̀kọ́ méjì wà níbẹ̀. Èkíní, ẹni tí a yá kì í di tiwa títí láé. Èkejì, ẹni tí ó ń pe àlejò kì í sábà ronú kan ilé tí àlejò ti wá.

Ǹjẹ́ ọ̀nà tí ó dára jù wà? Ó wà, a sì ti rìn ín rí. Ní ọdún 1987, Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń rán àwọn ọmọ wa tí wọ́n mọṣẹ́, dókítà, nọ́ọ̀sì, apoògùn àti olùkọ́, lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Karíbíà tí ó nílò wọn. Ìjọba méjèèjì ni ó ń jọ ṣe àdéhùn rẹ̀, ọdún 2 ni ọmọ wa sì ń lò níbẹ̀ kí ó tó padà. Yíyá nìyẹn. Ẹni tí a yá mọ ọjọ́ tí yóò padà, ẹni tí ó yá a mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó yá a fún un náà sì mọ̀ ọ́n. Fífà yàtọ̀ sí yíyá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ń lọ sí òkè òkun. Ìlànà náà sọ nípa àdéhùn láàárín ìjọba àti ìjọba, ó sọ nípa bí àwọn tí ó lọ yóò ṣe rí ọ̀nà padà, ó sì sọ nípa títún ibi iṣẹ́ ṣe fún àwọn tí ó kù. Ọ̀rọ̀ rere ni, bí a bá ṣe é. Ilé ìwòsàn òkè òkun tí ó bá gba apoògùn 10 lọ́dọ̀ wa yẹ kí ó bá wa sanwó àti kọ́ òmíràn. Ẹni tí ó jẹ iṣu ni ó yẹ kí ó ran aláàárù oko lọ́wọ́.

Ó ti pẹ́ tí ilẹ̀ wa ti mọ bí a ti ń kọ́ apoògùn. Láti ọdún 1887 ni Richard Zachaeus Bailey ti gba ìwé àṣẹ láti máa ta oògùn ní Èkó. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn apoògùn wà ní Yábàá nígbà ayé àwọn òyìnbó. Lẹ́yìn òmìnira ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn gba oyè dìgírì, Yunifásítì Èkó sì ń kọ́ wọn ní Ìdí-Àràbà. Kì í ṣe pé a kò mọ bí a ṣe ń gbin igi. Èso rẹ̀ ni a kò mọ bí a ó ṣe dá dúró.

Ẹ ó wá ní, "Olùkọ́, ìyẹn dọwọ́ ìjọba. Kí ni tiwa?" Tiwa pọ̀, ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáìkò.

Èkíní, níwọ̀n ìgbà tí apoògùn kò pọ̀, ẹ má ṣe fi àwọn tí ó kù ṣòfò. Nígbà tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn, ẹ béèrè pé, "Ta ni apoògùn níbí?" Ẹ wo ìwé àṣẹ tí ó wà lára ògiri, kí ẹ sì wo ọdún tí wọ́n kọ sí i, nítorí ọdọọdún ni wọ́n ń gbà á. Bí wọ́n bá ní apoògùn kò sí nílé, tí oògùn tí dókítà kọ sì jẹ́ oògùn líle, ẹ fi ẹsẹ̀ kún un dé ibòmíràn.

Èkejì, ẹ mú gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, páálí rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ ọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí ẹ fi pamọ́ fún apoògùn ni ó lè ṣe yín ní jàǹbá.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni, ẹ sọ ọjọ́ orí rẹ̀ àti bí ó ti wúwo tó kí wọ́n tó fún yín lóògùn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yé ra oògùn nínú ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń pariwo láti Ìyànà-Ìbà dé Àgbádárìgì pé hóró kan wo àìsàn mẹ́tàlá. Oògùn tí ó wo ohun gbogbo kò wo nǹkan kan.

Ẹ̀karùn-ún, nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò bá dé ọ̀dọ̀ wa, a máa ń bèèrè títì àti iná. Ẹ jẹ́ kí a béèrè èyí pẹ̀lú: apoògùn mélòó ni ó wà ní ilé ìwòsàn wa, ibo ni wọ́n ń gbé, ìgbà wo ni wọ́n sì gbowó oṣù kẹ́yìn? Yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, kí ọ̀dọ́mọdé tí ó ń kọ́ṣẹ́ má baà máa sùn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, lè mú ẹnì kan dúró.

Ní ti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ti lọ, a kò gbé yín ṣépè. Ẹni tí ó ń bọ́ òbí rẹ̀ láti òkè òkun, ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Akunyili tí ó lọ, tí ó sì padà. Bí ẹ kò bá tíì lè padà pátápátá, nígbà tí ẹ bá wálé fún ìsinmi, ẹ yà sí ilé ìwòsàn àdúgbò fún ọjọ́ mẹ́ta péré, kí ẹ fi ohun tí ẹ kọ́ han àwọn àbúrò yín. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko.

Mo gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọmọ mi yẹn lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ó ní ara òun le, òtútù ibẹ̀ ni kò jẹ́ kí òun gbádùn. Ó ní òun ń ṣiṣẹ́ lójú fèrèsé kan, àti pé ìyá arúgbó òyìnbó kan ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣàlàyé oògùn òun fún òun. Mo ka lẹ́tà náà, mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo fèsì, mo ní inú mi dùn pé ìyá yẹn rí i. Mo wá sọ fún un pé ìyá kan wà ní Òkókómáìkò tí ó ṣì ń dúró lójú fèrèsé tiwa.